Erékùṣù Bunce: Ògiri Tí Igi Ń Jẹ

Bí ẹ bá dé Freetown, tí Sátidé bá yín níbẹ̀, etíkun ni gbogbo èèyàn máa ní kí ẹ lọ. Irọ́ kọ́, etíkun ìlú Sàró dára. Ti Lumley gùn débi tí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀ dáadáa, iyanrìn River Number Two sì funfun bí ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú torí àtilọ jókòó lórí iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì níbẹ̀, mọ̀ mí dáadáa. Ó ní, "Ìwọ, ògiri ni ojú rẹ máa fẹ́ rí." Òótọ́ ni. Bíríkìlà ni bàbá mi l'Abẹ́òkúta, èmi náà sì ń jẹun lórí ìṣirò búlọ́ọ̀kù, iyanrìn àti símẹ́ńtì. Bí mo bá wọ ilé onílé, mo ti máa ń wo igun ògiri kí n tó rántí kí onílé.

Bó ṣe di pé a gba erékùṣù Bunce lọ nìyẹn, níbi tí ògiri odi òwò ẹrú àtijọ́ wà.

Àárín odò ńlá tí wọ́n ń pè ní Sierra Leone River ni erékùṣù yìí wà, ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Freetown bí èèyàn bá ń wọ inú lọ. Kékeré ni. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 mítà lọ, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100 mítà. Ẹni tó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè rìn ín já kí ìrẹsì tó jinná. Ìdí tí àwọn òyìnbó fi yàn án kò ju ọ̀rọ̀ omi lọ: ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ̀ dé láìfẹnu gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọkọ̀ kéékèèké ni àwọn oníṣòwò fi ń wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n sì fi ń kó èèyàn bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1670 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ dó síbẹ̀, wọ́n sì lo ibẹ̀ fún òwò ẹrú títí òfin ọdún 1807 fi ká wọn lọ́wọ́ kò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bá àwọn Monuments and Relics Commission ṣáájú, torí àwọn ló ń tọ́jú ibẹ̀, a kì í kàn ṣàdédé fẹsẹ̀ wọlé. Èyí tó kù ni ọkọ̀. Oríṣi méjì ló wà: ọkọ̀ pákó gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní pampa, tó máa ń rìn gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ tí èrò sì máa ń kún un dẹ́nu, àti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sáré. Mo fẹ́ pampa torí àwọn èrò inú rẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí n lọ sọ́jà. Ọkọ̀ asáré la wọ̀. Ó di àkàrà ẹ̀wà fún wa, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní binch akara kí wọ́n má baà ṣì í mú fún àkàrà tiwọn tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe. Ó fi ọ̀rá ginger beer sí i. Ẹni tó bá mu ginger beer Sàró tó lè sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn.

Ẹnìkan tún bá wa lọ, ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan, àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Freetown. Ọ̀mọ̀wé ni, ó wọ fìlà, ó sì mú ìgò sínáàpù kan dání nínú báàgì dúdú. Mo rò pé òtútù orí omi ni ó ń sá fún.

Awakọ̀ wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún gbogbo wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ó wo ojú omi, ó ní "Di wata de go dɔŋ," ìyẹn ni pé omi ti ń fà, ká yáa máa lọ. A kọjá lára èbúté ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì pè, èyí tó wà ní Cline Town, a kọjá Kissy, ìlú wá ń kéré lẹ́yìn wa, òkè rẹ̀ nìkan ló kù tó ga sókè pẹ̀lú kùrukùru lórí. Apá ọ̀tún àti apá òsì, igi etí omi ni, àwọn tí gbòǹgbò wọn ń dúró lókè omi, tí ìkarahun sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ àjẹ̀ ń fi àdá kékeré gé e sínú agbọ̀n. A kí wọn, wọ́n dá wa lóhùn.

Erékùṣù Tasso la kọ́kọ́ rí, ó fẹ̀, èèyàn ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bunce yọ. Ká sòótọ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún mi, mi ò bá wò ó kọjá ni. Igbó ni mo rí. Àràbà àti oríṣiríṣi igi mìíràn dí pa, ewé kan ewé, kò sí ilé kankan níbẹ̀ lójú ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Àfìgbà tí ọkọ̀ dín iná kù ni mo rí ibi tí ewé ti ṣí díẹ̀, tí ògiri pupa ń yọjú láàárín ìtàkùn.

Òkúta ni wọ́n tò sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, àtijọ́ náà ni. Torí pé omi ti fà, a bọ́ bàtà, a fẹsẹ̀ wọ́ omi dé orí rẹ̀. Bàbá kan tó ń tọ́jú erékùṣù náà ló gbà wá. Pa ni gbogbo èèyàn ń pè é, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Krio, èdè àwọn ará Freetown, ló ń sọ, kò yára, ó sì máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ létí kó tó tẹ̀síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri, torí ohun tí mo bá lọ nìyẹn. Ògiri iwájú ilé ńlá tí àwọn ọ̀gá oníṣòwò ń gbé, tí wọ́n ń pè ní Bunce House, ṣì dúró dé ilé òkè, pẹ̀lú ojú fèrèsé rẹ̀. Òrùlé ti lọ, pákó òkè ti lọ. Òkúta àti bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n. Mo fi èékánná ha àpòlù tó wà láàárín òkúta méjì, fúnfun ni, ó le, èérún ìkarahun sì wà nínú rẹ̀ tí ń dán. Bàbá mi ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó po àpòlù yẹn mọ iṣẹ́, kò sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òyìnbó tó ń mu wáìnì lókè ló pò ó.

Ohun tí igi ṣe sí ògiri yẹn ni mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Gbòǹgbò ọ̀dán kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri, ẹyẹ ló gbìn ín síbẹ̀ láìsí àní-àní, ó wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ògiri síwá sẹ́yìn títí ó fi kan ilẹ̀. Ó gba òkúta mọ́ra. Níbì kan, àpòlù ti ṣàn jáde tán, òkúta kò lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́, gbòǹgbò yẹn nìkan ló dè wọ́n tí wọn kò fi dà wó. Ní ìgbésẹ̀ méjì sí ibẹ̀, irú gbòǹgbò kan náà ti wọ inú ìlà bíríkì, ó ti ta á síta, ògiri sì ti fẹ̀ sẹ́yìn bí aboyún. Pa ní àwọn onímọ̀ tó ń wá ní kí wọ́n má ṣe gé igi bó ṣe wù wọ́n. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá gé eléyìí lónìí, ògiri á tẹ̀lé e wálẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á wó o díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi òpó ti ògiri ní ẹ̀yìn, kí wọ́n pa gbòǹgbò sínú rẹ̀ láìfà á yọ, kí wọ́n sì fi àpòlù ẹfun kún ibi tó ṣófo. Símẹ́ńtì kọ́ o! Ẹni tó bá gbé símẹ́ńtì lọ síbẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa le ju òkúta lọ, òkúta ló sì máa fọ́. Ní 1948 ni wọ́n ti kéde pé ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò, ní 2008 World Monuments Fund kà á mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu láyé. Omi náà sì ń jẹ etí erékùṣù lọ, ẹ máa rí i níbi tí odi ti ń wó sínú odò.

Ẹ̀yìn ilé ọ̀gá gan-an ni àgbàlá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Kò jìnnà rárá. Fèrèsé yàrá ìjẹun wò tààrà sínú rẹ̀. Àgbàlá àwọn ọkùnrin tóbi, ti àwọn obìnrin àti ọmọdé kéré, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pa fi ọwọ́ lé ògiri, ó ní, "Na ya dɛn bin de kip di uman dɛn," ìyẹn ni pé ibí ni wọ́n ń kó àwọn obìnrin sí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjàlọ ń tò kọjá ní ibi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Anna Maria Falconbridge, bá ọkọ rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1791. Ọkọ yẹn ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ẹrú rí kó tó yí padà. Obìnrin náà kọ ọ́ nínú lẹ́tà pé kí oúnjẹ tó délẹ̀ òun kàn rìn lọ sójú fèrèsé, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ rí. Ohun tó rí ni àwọn èèyàn tó wà láàárín 200 sí 300, tí wọ́n so ní ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n pín ní agbo-agbo yí ọpọ́n ìrẹsì ká. Mo lọ dúró sí abẹ́ fèrèsé yẹn, mo wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lókè máa gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èyí ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ wa, kò sí ògiri tó ṣèèṣì wà níbi tó wà.

Ìrẹsì yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìlú àwọn tó ń gbin ìrẹsì ni ẹ̀yìn odò yẹn, Tẹmnẹ, Mẹ́ńdè àti àwọn mìíràn. Àwọn olóko ìrẹsì ní South Carolina àti Georgia l'Amẹ́ríkà mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí mọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń san owó gọbọi lé wọn lórí. Láti 1748, ilé-iṣẹ́ Richard Oswald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ló ni Bunce. Ẹni tó ń bá wọn ta èèyàn ní Charleston ni Henry Laurens, ó ń gba ìdá mẹ́wàá owó gẹ́gẹ́ bí èrè alágbàtà. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó ní Paris ní 1782 láti parí ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ta lẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì rán lọ? Oswald. Ta ló wà lára àwọn aṣojú Amẹ́ríkà? Laurens. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó jọ ta èèyàn láti erékùṣù yìí ni wọ́n jọ ń ṣe àdéhùn òmìnira.

Wọ́n tún gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ihò méjì péré ni pápá náà ní, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n wọ aṣọ alápá-ń-lápá ti àwọn ará Scotland ló ń ru igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé wọn. Bí Pa ṣe sọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì.

Àwọn àgbá wà nílẹ̀, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n sùn sínú ewé. Àmì adé àti lẹ́tà GR ti ọba Gẹ̀ẹ́sì George Kẹta ṣì hàn lára wọn. Wọn ò fi wọ́n dá àwọn ẹrú dúró. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi ń dúró dè. Àwọn Faransé kọlù ibẹ̀ ní 1695, 1704, 1779 àti 1794, àwọn ajalèlókun náà wọlé ní 1719 àti 1720. Wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́, wọ́n tún un wó.

Ibojì wà ní apá kejì, òyìnbó ló wà níbẹ̀ tí òkúta orúkọ sì wà lórí wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Thomas Knight, ẹni tó ṣe aṣojú àwọn oní-erékùṣù fún ọdún 18 kó tó kú ní 1785. Mo wá ibojì àwọn yòókù, a kò rí òkúta kankan.

Ibẹ̀ ni àgbàlagbà wa, ará Ìjẹ̀bú, ti mú báàgì dúdú rẹ̀ jáde. Sínáàpù yẹn kì í ṣe ti òtútù. Ó padà sí àgbàlá ńlá, ó ṣí fìlà, ó ṣí ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn baba rẹ̀, ó ń ki orílẹ̀. Mo dúró títí, inú mi kò gbà á.

Mo ní, "Ẹ má bínú o, sà. Àwọn baba wa kò gba ibí kọjá."

Ó yíjú wò mí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? O wà níbẹ̀?"

Mo ní rárá, sà, ṣùgbọ́n Badagry, Ouidah àti Èkó ni wọ́n gbà, ibí yìí kọ́. Àwọn Tẹmnẹ àti Mẹ́ńdè ló ni ẹkún ibí. Nígbà tí ogun ń fọ́ ilé wa ní àwọn ọdún 1820, Bunce ti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn tiwa tó dé odò yìí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun tó kó wọn wá sí Freetown. Àjàyí Crowther ẹni ilé wa: Òṣoògùn ni wọ́n ti kó o ní 1821, Èkó ni wọ́n ti kó o sọ́kọ̀, oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ Myrmidon gba ọkọ̀ tó gbé e, oṣù kẹfà ló gúnlẹ̀ sí Freetown. Ẹnu odò kan náà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "O kàwé, o ṣeun. Ṣé Tẹmnẹ kì í mu ọtí ni?" Ó sì da á sílẹ̀. "Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni kó gbà á."

Mi ò ní èsì sí i, mi ò sì ní in títí di báyìí. Síbẹ̀ mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn kan wà tó ní ẹ̀tọ́ láti sunkún níbẹ̀ ju wa lọ. Àwọn Gullah, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ South Carolina àti Georgia, padà wá sí erékùṣù yìí ní 1989. Colin Powell, ọ̀gágun àgbà Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jamaica, dé ibẹ̀ ní 1992. Bí Nàìjíríà bá débẹ̀, ó yẹ ká ṣe bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ní 1787 ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn aláwọ̀ dúdú olómìnira wá sí ibi tó di Freetown, ní 1792 ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n wá láti Nova Scotia ní Kánádà, dá ìlú náà sílẹ̀. Títí di 1808, ìlú olómìnira àti odi ẹrú jọ wà lórí omi kan ṣoṣo. Àwọn ọkọ̀ tó ń ru èèyàn láti Bunce, ìwájú Freetown ni wọ́n ń gbà jáde sókun. Ẹni tí ara rẹ̀ ti bọ́ lóko ẹrú l'Amẹ́ríkà máa dúró nílẹ̀kùn rẹ̀, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Tasso la ti jẹun lábọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi epo pupa àti ẹja sè, pẹ̀lú ìrẹsì. Ata rẹ̀ kò tó fún Ìjẹ̀bú, ó sì sọ ọ́ fún onílé. Ẹ̀gbọ́n mi sùn lórí àga, omi tún kún, a wọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, torí òjò ìlú yẹn kì í ṣe eré. Ẹ wọ bàtà tó lè wọ omi àti ṣòkòtò gígùn nítorí ìjàlọ. Ẹ mú omi mímu dání. Ẹ má fi orí ògiri jókòó ya fọ́tò, mo bẹ̀ yín, àwọn ògiri yẹn kò ní ẹlòmíràn tó ń gbèjà wọn ju gbòǹgbò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú àgbàlagbà náà lọ síbi tó yẹ kó ti ki orílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà King's Yard ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn Connaught, láàárín ìlú gan-an. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n máa ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun sí. Òkúta wà lórí rẹ̀ láti 1817, tí wọ́n fi ń yin ìgboyà àti àánú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mo rántí GR tí mo rí lára àgbá, mo dákẹ́. Àwọn èèyàn wa gba abẹ́ òkúta yẹn wọlé, Òyọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, wọ́n di Aku, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Láti 1839 ni díẹ̀ lára wọn ti ń wá ọ̀nà padà sí Badagry àti Abẹ́òkúta, àwọn yòókù jókòó.

Sínáàpù ṣì kù díẹ̀ nínú ìgò. Ó dà á sí ẹsẹ̀ òpó, ó ki ohun tó fẹ́ kì, láìpariwo. Ìyá kan tó ń ta ọsàn bíbó lẹ́bàá ọ̀nà ń wò wá. Ó bi wá léèrè bóyá Aku ni wá. Mo ní Nàìjíríà ni, Yorùbá. Ó ní ìyá bàbá òun náà, ọmọ àdúgbò Fourah Bay ni, ará ẹ̀yin náà ni. Àgbàlagbà wa bẹ̀rẹ̀ sí kí i lédè Yorùbá, ìyá rẹ́rìn-ín, kò gbọ́. Wọ́n ná ọsàn ná ọsàn, kò dín kọ́bọ̀ kan. Nígbà tó gba owó rẹ̀ tán, ó mú méjì sí i, ó fi ṣe èènì.